Ibi Tí Màmá Eula Ti Ń Mí

"Mo fi sàréè Màmá búra! N kò gbọ́ orin yìí rí láyé mi, àfi lóṣù tó kọjá tí Royce kọ́ mi!"

Nadine ló ń búra bẹ́ẹ̀ lójú Oleta ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú sítúdíò kan ní Nashville, láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Sàréè ìyá tó bí i! Ẹ gbọ́ nǹkan ìríra! Ká ní òkú ń dìde ni, Màmá Eula ì bá dìde wá gbá a létí. Ṣùgbọ́n ìbúra yẹn gan-an ló máa dójú tì í kí aago méjìlá tó lù.

"Nadine, ṣé orí ẹ pé?" Oleta bi í. "Orin tí mo kọ fún Màmá lórí ibùsùn àìsàn, tí ìwọ náà jókòó tì wá?"

"Ẹ má dá a lóhùn!" Royce ké sáwọn olórin. "Ìlara ló ń bá a jà. Ọ̀fun ẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè kọrin mọ́. Èmi ni mo kọ orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá!"

Royce yìí, ọkọ Oleta ni, bí a bá lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kọ. Ọdún mẹ́jọ ni Oleta fi ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ kí Royce lè rí jẹ, tó sì ń kọ orin ní ìdáná bó bá dé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan gbà láti gbé orin mẹ́wàá náà jáde nínú àwo, Royce ní òun lòun kọ wọ́n, ó ní àbúrò ìyàwó òun ni yóò lo ohùn. Nadine tí Oleta gbà sílé, tó ń bọ́, tó ń wọ̀ láṣọ, òun náà ni Royce ń bá sùn lórí ibùsùn Oleta bí Oleta bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà! Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ yẹn tẹ ilé láago pé kí Nadine má pẹ́ dé o. Oleta ló gbé fóònù, bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé wọ́n fẹ́ gba orin òun sílẹ̀. Aṣọ ilé oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ náà ló wọ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá sí sítúdíò.

Buford, àgbà onígìtá tó ń darí àwọn olórin, gbọ́wọ́ sókè. "Wákàtí mẹ́ta péré la ní níbí. Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sétí ògiri yẹn. Royce, kọ orin náà ká mọ bó ṣe ń lọ."

Royce kọ ọ́. Ìlù mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó lọ gbọọrọ látòkè délẹ̀. Àwọn olórin kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọ ohùn orin sórí ìwé bí ìṣe wọn. Nadine wá dúró nídìí maikì. Ìlà kìíní dáa, ìkejì dáa. Nígbà tó dé àárín ìlà kẹta, ó dákẹ́, ó mí, ìlù sì ti kọjá lọ kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un kọ," Buford wí.

Ó tún mí. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ibẹ̀ náà ló tún ti mí.

"Kí ló ń ṣe ẹ́, òpònú?" Royce jágbe mọ́ ọn. "Má mí níbẹ̀!"

"Mi ò mọ̀ pé mò ń mí!"

Buford gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀. "Royce, o ní ìwọ lo kọ́ ọ. Ìwọ ò sì mí níbẹ̀. Ta ló wá kọ́ Nadine láti mí níbẹ̀?"

"Àṣìṣe ni!"

"Àṣìṣe wo ló ń bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Oleta dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èémí Màmá ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú ní Carolina. Eruku òwú kún àyà ẹ̀, kò lè kọ ìlà kan délẹ̀ láìmí. Mo fi ìlù méjì kún ìlà kẹta kóun náà lè bá wa kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí Màmá kú. Royce ò tíì mọ̀ wá nígbà náà."

"Ẹ kọ ọ́ ká gbọ́."

Oleta kọ ọ́ láìsí gìtá. Ọ̀fun tí wọ́n ní ó bàjẹ́ mọ́ gaara! Nígbà tó dé àárín ìlà kẹta, ó mí. Nadine, tó ṣì dúró nídìí maikì, mí pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ilé sì gbọ́ èémí méjèèjì papọ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nadine bú sẹ́kún. "Royce ló tàn mí! Ó ní òun á kọ Oleta sílẹ̀, òun á fẹ́ mi!"

"Panu ẹ mọ́, aṣẹ́wó! Àbí kì í ṣe ìwọ lo jí ìwé orin ẹ̀ wá fún mi?"

"Olè! Ọ̀lẹ! Ọkùnrin tí ìyàwó ń bọ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tú ara wọn fó lójú gbogbo olórin. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé àwo náà jáde, tó ti ń gbọ́ wọn látẹ̀yìn gíláàsì, jáde wá, ó fi kálàmù fa orúkọ Royce rẹ́ lórí ìwé àdéhùn, ó kọ Oleta síbẹ̀.

"Mo ti bá ọ̀mùtí ṣiṣẹ́ rí," Buford wí. "Mo ti bá olè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi sàréè ìyá ẹ̀ jalè, mi ò bá a ṣe. Ẹ jáde!"

Nadine di ẹsẹ̀ Oleta mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, dákun, dárí jì mí!"

"Sàréè tó o fi búra ni kó o lọ bẹ̀," Oleta dá a lóhùn. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó jù ú sínú kọfí Royce, ó sì lọ dúró nídìí maikì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi parí àwo náà. Títí dòní, kò sí ilé olórin kọ́ńtìrì, ìyẹn orin ará ìgbèríko Amẹ́ríkà, tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, àwọn akọrin tuntun sì ń kọ́ èémí ìlà kẹta yẹn bí ẹni kọ́ àdúrà. Royce ò ríṣẹ́ orin mọ́ ní Nashville. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wà, ó sì bá a mu. Nadine ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan létí títì, lọ́nà Knoxville, níbi táwọn awakọ̀ ti ń sọ owó onírin sínú ẹ̀rọ kí ó lu rẹ́kọ́ọ̀dù Oleta fún wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Èmi ò káàánú rẹ̀. Bí orin náà bá ti dé ìlà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ á dúró nínú omi ọṣẹ, á sì mí kó tó mọ̀.