Ọ̀dà Tuntun Lára Irin Gbígbó

Inú oko ẹ̀gẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìjàgbó ni hẹlikópítà náà já sí. Àwọn tó wà lóko rí i bó ṣe ń pòòyì lófuurufú bí òkòtó kó tó forí sọlẹ̀. Kabir, ọmọ Alhaja Safiyat ti Ọ̀fà, ló ń wà á. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Kí wọ́n tó sin ín tán, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro: wọ́n ní ó mutí yó ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún Alhaja lọ́nà. Abdulganiyu, ọ̀rẹ́ Kabir láti kékeré, wà lára àwọn tó gbé òkú wọ sàréè. Òun náà ló ń dúró ti ìyá bí ọmọ.

Ọwọ́ Inspẹ́kítọ̀ Ògúnfúnkẹ́ ni ẹjọ́ náà bọ́ sí. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí hẹlikópítà, èyí tí kì í jẹ́ kó pòòyì, ti ṣẹ́. Òfin sì ti jáde ṣáájú pé kí gbogbo ẹni tó ní irú hẹlikópítà yẹn pààrọ̀ irin tó di abẹ̀bẹ̀ náà mú, nítorí ó máa ń sán. Wọ́n ti pààrọ̀ ti Kabir. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnjiníà fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara irin "tuntun" náà, ìpẹtà ló bá lábẹ́ rẹ̀, àti ojú ibi tó ti sán tí wọ́n fi nǹkan dí.

"Ta ló tà á fún yín?" Ògúnfúnkẹ́ bi ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni hẹlikópítà.

"Abdulganiyu ni. Kabir ló mú un wá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni."

Nígbà tí ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù tí Abdulganiyu ti ń ta irin ẹ̀rọ, tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ní ó gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó ti gba ọ̀nà oko jáde. Ìlémọ̀nà ni wọ́n ti rí i nínú bọ́ọ̀sì kan, ó fa fìlà bojú. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ oko iṣu, ebè gbé e ṣubú, wọ́n sì gbá a mú.

"Irin yòókù dà?" Ògúnfúnkẹ́ bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, mà."

"Èèyàn lè máa fi irin tí o kùn lọ́dà fò báyìí. Ṣé o fẹ́ sin òmíràn ni?"

Abdulganiyu jẹ́wọ́. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ó wà lára hẹlikópítà kan ní Pọtákọ́tì."

Ògúnfúnkẹ́ pe pápá ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ lórí fóònù. Èrò ti jókòó, ẹ̀rọ ti ń ké. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé Kabir mọ̀?" Ògúnfúnkẹ́ bi Abdulganiyu.

"Kò mọ̀, mà. Ó gbà mí gbọ́. Mo rò pé irin náà yóò ṣì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́." Ó bú sẹ́kún.

Ògúnfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ sílé Alhaja. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Kabir ò mutí. Irin gbígbó ló pa á. A ti mú ẹni tó tà á."

"Ta ni?"

Ó dárúkọ rẹ̀.

"Ó jẹun níbí lánàá. Èmi ni mo bù ú fún un."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìmáàmù sọ òótọ́ fún gbogbo jámáà. Àwọn tó ti ń yà fún Alhaja lọ́nà wá kún ilé rẹ̀. Ó dá gbogbo wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá sunkún ọmọ rẹ̀ bó ṣe yẹ.