Ẹni Tó Dáhùn Láàárín Fáólẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mojíbọ́lá kì í mutí, kì í sì í bù mọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní oorun ló ń kùn ún. Oorun wo? Lórí ìdúró? Ohun tó rí ní Independence Layout ní Enugu, lọ́dún tí àwọn ológun lé àwọn olóṣèlú kúrò, ọ̀sán gangan ló rí i.

Òdòdó ló ń tọ́jú kiri ilé àwọn olówó. Evelyn, ìyàwó Adégbénga, ló ránṣẹ́ pè é pé òdòdó fáólẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nílé òun ń kú. Mojíbọ́lá ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde wà nílé ládùúgbò Ogui, kò tíì jẹun.

Ìkòkò òdòdó kún ojú fèrèsé pálọ̀. Àwọn ewé onírun bí àrán náà ti rọ, wọ́n sorí kọ́. Ó fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, ó ń rùn.

"Omi ló ń pa wọ́n! O rí i tó sorí kọ́, o rò pé òùngbẹ ni, o tún da omi sí i."

"Aunty, I no pour water o. Na here we meet dem."

Enugu ni wọ́n bí Evelyn sí, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Yorùbá yé e díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ọ́.

Mojíbọ́lá fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀. Ó rin gbindin. Ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí abẹ́ ahọ́n.

Ó gé ibi tó rà dànù, ó fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tún wọn gbìn. Ó nuwọ́, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ó dàbọ̀ o."

"Tètè dé o."

Ojú fèrèsé ni ohùn náà ti wá. Ohùn àgbà. Evelyn ò la ẹnu.

Mojíbọ́lá ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Pálọ̀ ló bọ́ sí. Pálọ̀ kan náà, Evelyn lórí ìdúró. Ó tún jáde. Pálọ̀. Ariwo ọkọ̀ ti dákẹ́ níta. Ẹyẹ ò ké.

"Aunty, wetin you tell am?"

"Ó dàbọ̀ ni mo..." Ó tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ó di àbọ̀. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀.

Ìdágbére kan ló kù, èyí tí a kì í sọ fún alààyè. Ó di Evelyn lọ́wọ́ mú.

"Ohun tí mo bá sọ, ìwọ náà sọ ọ́. A jọ ń lọ ni." Ó kọjú sí fèrèsé. "Ó dàrìnnàkò o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Oòrùn wà níta, takisí ń fọn fèrè. Mojíbọ́lá gbẹ́sẹ̀ síta.

"Sọ ọ́, Evelyn!"

Ahọ́n ọmọ náà lọ́. "Ó dà... ó dàrì..." Ẹ̀rù bà á, ó mú èyí tó rọrùn. "Ó dàbọ̀!"

Ọwọ́ rẹ̀ yọ́ bọ́rọ́ kúrò nínú ti Mojíbọ́lá. Ilẹ̀kùn padé jẹ́jẹ́.

Mojíbọ́lá lu ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí Adégbénga ti ibi iṣẹ́ dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i wẹ́rẹ́. Gbogbo fáólẹ́ẹ̀tì ti tanná, aláwọ̀ àlùkò. Evelyn dúró láàárín wọn, ó ń bomi rin wọ́n. Ó kúnlẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn."

Adégbénga bú sẹ́rìn-ín. "Ha! Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá láti àárọ̀?"

Obìnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mojíbọ́lá, tó ti gbọ́ ohùn náà rí lójú fèrèsé, ló ń wò.