Ìgò Tó Bẹ́ Nínú Fírísà

"Ta ni ọ̀dájú tó gbé ẹlẹ́rìndòdò sínú fírísà mi? Kó jáde síta! Ara èèyàn ni mò ń tọ́jú síbẹ̀ o, kì í ṣe ẹja!"

Ohùn ọmọbìnrin náà la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn oníkọ̀ǹpútà, ó wọ ibọ̀wọ́ nípọnnípọn dé ìgbọ̀nwọ́, yìnyín funfun lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì di ọrùn ìgò kan tó ti bẹ́ mú bí ẹni tó mú olè.

Gbogbo wọn dorí kodò. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbójú sókè, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ti ń pè ní Oníṣirò. Ó lanu, ó sì gbàgbé láti pa á dé.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn nǹkan dídùn."

"Kí ló wá dé tí o tẹjú mọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Yìnyín ló wà lójú yín, mà. Ó… ó yẹ yín."

Ẹ̀rín bú nínú yàrá. Ọmọbìnrin náà pòṣé ràrà, ó yíjú padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí fírísà rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò lára irin ìlẹ̀kùn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù.

Wọ́n ti wó ilé yẹn báyìí. Yàrá tuntun tó ń dán gbinrin ló wà níbẹ̀, fírísà ibẹ̀ kì í sì í kùn bíi ti àtijọ́, tó máa ń kùn lọ kùn bọ̀ bí àgbàlagbà tó ń sùn lọ́sàn-án. Fèrèsé kan wà nígbà náà tí kì í padé, òórùn sípíríìtì á máa gba ibẹ̀ jáde lọ bá àwọn tó ń kọjá. Abẹ́ fèrèsé yẹn làwọn méjèèjì ti máa ń jókòó jẹ búrẹ́dì, bí inú ọmọbìnrin náà ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Yìnyín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí òun ló ń tọ́jú fírísà tí wọ́n ń kó gígé kókó sí, èyí tí wọ́n yọ lára àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Iṣẹ́ Oníṣirò ni kó wádìí ìdí tí oògùn kan náà fi ṣiṣẹ́ fún obìnrin kan, tó sì kọ̀ fún èkejì.

"Ṣé o rí inú sẹ́ẹ̀lì," ni Oníṣirò sọ fún un lọ́jọ́ kan, "bí ilé onílé púpọ̀ ló rí. Àwọn jíìnì ń ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan á kígbe, èkejì á jẹ́ ẹ, ìkẹta á díbọ́n pé òun ò gbọ́. Èmi ni mò ń wá ẹni tí ariwo ẹ̀ pọ̀ jù."

"Tó bá jẹ́ ariwo lò ń wá, kí lo ń wá kiri sí? Èmi rè é."

"Mo ti ń wádìí ẹ tipẹ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò tíì rí oògùn ẹ̀ ni."

"Oògùn tìẹ ni kí o jẹ́wọ́ ìgò."

"Mo ní èmi kọ́!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́ ara wọn, títí di ọ̀sán tí ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan ike kékeré kan nínú fírísà, tó ní, "Màmá mi nìyí."

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó sọ fún un pé òun rí kókó lọ́mú, àga ló ń kàn lọ́wọ́, ó ní kó jẹ́ kí òun parí iṣẹ́ oníṣẹ́ ná. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, oògùn ò ràn án mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, bàbá ń kan tábìlì, ó ń kan ìlẹ̀kùn, kò kan àga mọ́. Nígbà tó sì gbọ́ ibi tí ọmọ ti rí àfẹ́sọ́nà, ó fọwọ́ lu tábìlì.

"Ibi tí wọ́n ti gé ìyàwó mi sínú ike, tí mo bi wọ́n ohun tó pa á, tí wọn ò sì dá mi lóhùn, ibẹ̀ lo ti lọ mú ọkọ? Kò lè ṣeé ṣe!"

Oníṣirò ò bínú. Ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó rí ohun tó ń wá, ọ̀wọ́ jíìnì kan tó ń kígbe lára àwọn tí oògùn kọ̀ fún nìkan. Igbe ti màmá ló ròkè jù. Kò dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

"Bàbá, bí ẹ bá tiẹ̀ tètè gbé màmá wá, oògùn yẹn ò ní ràn wọ́n. Ẹ̀bi yín kọ́, sà."

Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé láàárín èérún igi. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀bù. Àga méjì ni bàbá ń kàn, fún ìyàwó àti ọkọ.

Inú Oníṣirò ni ò balẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé inú àwọn ike àtijọ́ nìkan ni igbe náà ti ń wá, ti ìgbà tí yàrá iṣẹ́ abẹ ṣì jìnnà sí fírísà, tí àwọn tó ń gbé gígé wá máa ń dúró kó pọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn méjèèjì gé kókó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí méjì. Wọ́n sáré fi ìdajì sínú òtútù, wọ́n fi ìdajì sórí tábìlì títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Ìdajì orí tábìlì kígbe gẹ́gẹ́ bíi ti màmá.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ ló ń kígbe," ni Oníṣirò wí. "Dídúró lórí tábìlì ni. Ohun tí mo sọ fún Bàbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà lọ ti ìlẹ̀kùn yàrá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ fún ọ̀gá wa. Sọ fún gbogbo ayé. Má ṣáà sọ fún bàbá mi."

"Olólùfẹ́ mi…"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! Bàbá mi ń kọrin! Ṣé o mọ ìgbà tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn kẹ́yìn?"

"Orí àga tí wọ́n kàn nítorí irọ́ mi ni màá wá máa jókòó sí lójoojúmọ́?"

"Tí o bá sọ ọ́, má wá mi mọ́."

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́ fèrèsé ṣófo. Lówùúrọ̀ kan, ọmọbìnrin náà ṣí fírísà, ó tẹjú mọ́ ike màmá rẹ̀. Òun tó fi ariwo gbogbo lé ìgò lásán jáde níhìn-ín, kí lòun náà wá ń fi pa mọ́ síbẹ̀ yìí? Ó ti fírísà, ó fa ibọ̀wọ́ bọ́, ó há a sábíyá, ó lọ dúró síwájú Oníṣirò.

"Dìde. Jẹ́ ká lọ."

Oníṣirò dọ̀bálẹ̀ láàárín èérún igi ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Fáníṣì ń dán lára àga méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ká ní mo tètè gbé e wá," ni bàbá bèèrè, "oògùn lè ràn án?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ó lè ràn wọ́n, ó sì lè má ràn wọ́n. Mi ò ní dẹ́kun wíwá ìdáhùn."

Bàbá yíjú sí ọmọ. "Ìwọ náà ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Bàbá fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àga. "Ẹ̀bi náà, ẹrù mi ni. Mo ti mọ bó ṣe wúwo. Ẹ dá a padà fún mi." Ó wo Oníṣirò. "Dìde ńlẹ̀. Àga yín ti gbẹ, mi ò ní tú u. Ṣùgbọ́n kí n bi ọ́ o, ṣé o ṣì máa fẹ́ òpùrọ́ yìí?"

"Màá fẹ́ ẹ, sà. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó rọra sún sẹ́yìn díẹ̀. "Ìgò tó bẹ́ nínú fírísà lọ́jọ́sí… èmi ni mo ni ín."

Ibọ̀wọ́ nípọnnípọn náà kúrò lábíyá ọmọbìnrin náà, ó sì ba Oníṣirò lórí, gbòà!