Ọkọ Àwọn Ìyá

Apá méjèèjì ni ọmọbìnrin kan nà sókè bí ẹni tó fẹ́ já oòrùn bọ́ láti ojú òrùlé, àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá sì tò níwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣe bó ti ń ṣe. Gíláàsì ni ògiri gbọ̀ngàn ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà, ẹni tó bá ń kọjá lóde kò ní ṣàìrí ohun tó ń lọ nínú ilé. Oòrùn àárọ̀ bà lé ọrùn ọmọbìnrin náà, òógùn ń dán níbẹ̀ yinrin.

"Ẹ gbé e sókè, ẹ̀yin ìyá mi! Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọmọdé bíi tèmi lágbára jù yín lọ ni?"

Ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọjá lóde. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, bisikíìtì wà lọ́wọ́ kejì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọbìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró. Ibi tó ti ń wò ó ló ti forí sọ ilẹ̀kùn gíláàsì, gbàù!

Orin dákẹ́. Ìyá mẹ́rìnlá yíjú síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin náà sáré jáde pẹ̀lú omi dídì tó fi tówẹ̀lì wé. "Ẹ jókòó."

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Iwájú orí yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń wú." Ó gbé omi dídì náà lé e lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ọkùnrin náà na bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Oúnjẹ alẹ́ àná ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n èyí ni."

Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ni àwọn méjèèjì ti wá kàwé ní ìlú yẹn. Ọkùnrin náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Ayàwòrán. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Nílé, ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ tó ń jẹ. Níbí, ó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí ló sì ń jẹ. Àjà kejì ni yàrá rẹ̀ wà, síbẹ̀ kò mọ ojú àtẹ̀gùn ilé náà. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ló mọ̀. Ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun náà sì ń pè é ní ara ọlá.

Ọmọbìnrin náà fi ọdún mẹ́ta kéré sí i. Ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ló ń kọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ìyá àdúgbò ní eré ìdárayá láàárọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, Ayàwòrán dúró níwájú akọ̀wé gbọ̀ngàn náà. Ó ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ kíláàsì Tíṣà.

"Kíláàsì àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún mà ni," akọ̀wé sọ fún un.

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe di ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín ìyá mẹ́rìnlá nìyẹn. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń mí gúlegúle, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá aránṣọ kan tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ń gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń gun òkè.

"Rọra o, ọmọ mi," ìyá náà sọ. "Èmi ni mo dàgbà jù níbí. Bí ikú bá wọlé, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ kí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọkọ Wa. Wọ́n á bá a tẹ́ ẹní ìdárayá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á bá a wá àyè síwájú, níbi tí Tíṣà á ti máa rí i dáadáa. Àgbà tó bá ti fẹ́ràn rí mọ ojú ẹni tó fẹ́ràn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òun àti Tíṣà ti jọ ń rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé.

"Dákun, má pè mí ní *ẹ* mọ́," ni Tíṣà sọ. "Ó ń ṣe mí bíi pé èmi náà ti wà nínú àwọn ìyàwó ẹ."

"Àyè ẹnì kan ṣì kù níbẹ̀."

"Ẹnu ẹ dùn jù. Bí ẹsẹ̀ ẹ bá yá bí ẹnu ẹ, o ò bá ti gba ife-ẹ̀yẹ."

Ní oṣù yẹn ni gbọ̀ngàn náà ní kí gbogbo àwọn tó ń ṣeré ìdárayá lọ yẹ ara wọn wò ní ilé ìwòsàn. Ayàwòrán lọ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Àtọ̀gbẹ ni," dókítà sọ. "Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n a tètè rí i. Wàá lo oògùn, wàá tún oúnjẹ rẹ ṣe, wàá sì máa rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní i tí wọ́n sì ń gbé ayé wọn dalẹ́."

Ayàwòrán kò gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀pá tí bàbá rẹ̀ fi ń rìn ló ń rí, àti ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan po tí wọ́n sì fi pín-ìnnì há. Àìsàn kan náà ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá rẹ̀.

Kò lọ sí kíláàsì mọ́. Bí Tíṣà bá pè é, kò ní gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì wọlé. Ìyá aránṣọ pe Tíṣà sí kọ̀rọ̀.

"Ọkọ wa ti sọ nù, ojú ìwọ náà sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wà lára ẹni, kí ló ń ṣeni tá a fi jókòó? Lọ wá a."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tíṣà kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ayàwòrán ṣí i pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ti hù kalẹ̀. Páálí oúnjẹ kún orí tábìlì, oògùn tí kò tíì ṣí sì wà láàárín wọn. Tíṣà mú oògùn náà, ó ka ara rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ṣé ohun tó o fi ń sá fún mi nìyí?"

"Bàbá mi pàdánù ẹsẹ̀ kan sí i. Ta ló máa fẹ́ fẹ́ irú mi?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Ojú ti Ayàwòrán. Ó wolẹ̀.

"Mi ò tíì sọ ọ́," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti ro gbogbo ẹ̀ jọ lọ́kàn mi. Ìwọ lo wá bà á jẹ́ yìí."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú àwọn méjèèjì.

"Gbọ́, olólùfẹ́ mi," Tíṣà sọ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Mi ò lè gbé oògùn mì fún ẹ, mi ò sì lè fi ẹsẹ̀ tìẹ rìn. Ṣùgbọ́n mo lè bá ẹ rìn. Ẹ̀wà wà nínú àpò tí mo gbé wá, ẹyin wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ náà wà. Dìde."

"Mo lè sọ fún ẹ bí wọ́n ṣe ń sè é..."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Wá fi ọwọ́ rò ó."

Ó rò ó lóòótọ́. Ó gé àlùbọ́sà lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba bí ẹni pé ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. "Ṣé ilé lò ń kọ́ ni?" Tíṣà bi í. Ẹ̀fọ́ ọjọ́ náà jóná nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì jẹ ẹ́ tán.

Kò rọrùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń pè é lórúkọ láti inú fìríìjì ilé ìtajà. Ọjọ́ wà tí òtútù lóde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì dùn ju ìrìn lọ. Ṣùgbọ́n ó padà sáàárín àwọn ìyá rẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń gbé omi dání lọ sídìí iṣẹ́, ó sì ń dìde nídìí kọ̀ǹpútà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oògùn kò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́wàá, ikùn ti wọlé, ojú ti mọ́ kedere, dókítà sì dín oògùn rẹ̀ kù.

Ìgbà náà ni ìyá Tíṣà wọ ọkọ̀ òfúrufú wá kí ọmọ rẹ̀ fún oṣù méjì. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Ojú tó fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Wọ́n pe Ayàwòrán wá jẹun. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kí ló ń gbẹ ọmọ yìí? Bù sí i fún un. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀."

"Ó ti tó mi, mà. Ẹ ṣeun."

"Mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nígbà náà."

Ayàwòrán gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó lè purọ́ pé òun ti yó. Kò purọ́. "Mà, mo ní àtọ̀gbẹ. Mò ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ara mi sì le. Ṣùgbọ́n mo ní i."

Màmá dìde, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí Ayàwòrán ti lọ, màmá jáde sí ọmọ rẹ̀. "Mi ò gbà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí nígbà tí bàbá ẹ ṣubú sí ilé ìwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Mo ti ṣe opó títí ó fi sú mi, mi ò ní í kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ ẹ̀."

"Mọ́mì, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ekòló lẹ rí yìí."

"Ejò, ekòló, àwọn méjèèjì ló ń wọ́. Mo ti sọ tèmi."

Tíṣà sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní kí Ayàwòrán fara balẹ̀ títí màmá á fi padà sílé, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

"Rárá o, àyànfẹ́ mi," ọkùnrin náà dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sá rí. Kò dùn mọ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá màmá níbi tó ti ń ka ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó dọ̀bálẹ̀. Màmá kò ní kó dìde, kò sì ní kó máa lọ.

"Mà, Tíṣà sọ fún mi nípa Dádì. Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru?"

Màmá yíjú sí fèrèsé. "Ó mọ̀. Ó fi pa mọ́ fún mi ni. Ẹ̀yìn ikú ẹ̀ ni mo rí oògùn nínú bàtà ẹ̀, kò lo ìdajì ẹ̀."

"Èmi kò fi pa mọ́ fún yín, mà." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò gbẹ̀yìn?"

Ìwé ọwọ́ màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò mọ́ òun lápá. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló ń bà á. Kò sí ẹni tó bi í rí, àfi ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," Ayàwòrán sọ. "Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa."

Wọ́n jọ lọ. Ẹ̀jẹ̀ màmá ga. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, obìnrin tó ti na pàṣán sí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì wo ojú Ayàwòrán.

"Ṣé mo máa kú ni?"

"Rárá, mà. Ẹ máa rìn ni."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti jọ ń rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá kò bá a sọ̀rọ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ń bá a jà pé ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, màmá ti di ìyá kẹẹ̀ẹ́dógún ní kíláàsì, òun àti ìyá aránṣọ sì ń du iwájú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró mí lórí afárá kékeré kan, màmá, Ayàwòrán àti Tíṣà. Màmá ń wo omi.

"Mo ti ń bínú sí bàbá ẹ láti ọjọ́ tó ti kú," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kì í ṣe nítorí àìsàn. Nítorí pé ó fi mí sílẹ̀ sójú òkùnkùn ni." Ó yíjú sí Ayàwòrán. "Ìwọ sọ tìẹ nídìí oúnjẹ, níwájú èmi tó lè kọ̀ ẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá fún ọmọ mi, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n dá a mọ̀."

"Mọ́mì..."

"Dákẹ́, mi ò tíì parí. Kí ẹ ṣe é kí n tó padà sílé. Mi ò fẹ́ fi fóònù wo ìgbéyàwó ọmọ mi."

Ayàwòrán kúnlẹ̀ sórí afárá níbẹ̀ lójú màmá, ó di ọwọ́ Tíṣà mú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ó pẹ́ tí mo ti gbà," Tíṣà dáhùn. "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kejì, ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba kún fún ìyá àgbà, kò sí àga tó kù. Ìyá aránṣọ ló rán aṣọ funfun tí Tíṣà wọ̀. Ó ní òun kò tíì rí obìnrin tó fún ọkọ ní ìyàwó tuntun rí, àfi òun.

Akọ̀wé ìgbéyàwó wo inú ìwé rẹ̀. "Ṣé o máa dúró tì í nígbà ìlera àti nígbà àìsàn?"

Tíṣà wo ojú ọkùnrin náà. Kò yára. Ó fẹ́ kí ó rí i pé òun mọ ohun tí òun ń sọ.

"Mo mọ àìsàn náà lórúkọ," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. "Mo máa dúró tì í."

Màmá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.