Lẹ́ǹsì Olóògbé

Nígbà tí Tísà fi máa gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù atúnkámẹ́rà-ṣe, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé àpò aṣọ kan lé orí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó bóyá nǹkan wọ̀nyí ṣì wúlò, àbí kí n kó wọn dànù."

Lẹ́ǹsì mẹ́ta ni, ti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi fíìmù ya fọ́tò, wọ́n wúwo bí òkúta. Ọkọ rẹ̀ tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ni wọ́n. Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ra kámẹ́rà kékeré ìgbàlódé kan fún un, kó má baà máa dá jókòó ronú.

Ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe náà gbé lẹ́ǹsì kan sókè síbi fèrèsé. Irun rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun.

"Kẹ́ ẹ kó wọn dànù kẹ̀? Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ni, mà."

Ó wá òrùka irin kan, ó fi so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà kékeré tí Tísà gbé dání. Tísà tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ò dáhùn.

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"Rárá o. Lẹ́ǹsì àtijọ́ ò lẹ́nu tó lè fi bá kámẹ́rà òde òní sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà yín rò pé ojú òun ṣófo ni. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ètò rẹ̀, ká sọ fún un pé kó máa yà á lọ bẹ́ẹ̀, bí kò tiẹ̀ rí lẹ́ǹsì kankan." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Ó yá. Ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé, ọwọ́ yín lẹ máa fi yí i. Kí àwòrán mọ́ kedere, ọwọ́ yín náà ni."

Tísà gbé kámẹ́rà sójú, ó dojú rẹ̀ kọ ọkùnrin náà. Imú àti ojú kan péré ló rí.

"Ẹ̀yin gan-an dà? Imú yín ti gba gbogbo ilé!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bú imú mi o. Awo tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà yín ló kéré sí fíìmù, ó máa ń gé etí àwòrán dànù. Ẹ máa fà sẹ́yìn."

Ó fà sẹ́yìn, ó tún fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí Tísà ń sọ̀kalẹ̀ ló rántí pé òun ò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ òun.

Bí gbogbo ọjọ́rú ṣe di ti ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí lẹ́ǹsì gbagada kí ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn lè rọ̀ bí òwú, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán di ńlá lójú kámẹ́rà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ipénpéjú ẹni tí wọ́n ń yà hàn kedere. Ọkùnrin náà sọ fún un nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Òun náà sọ nípa ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì, tí gbogbo ilé á ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro wọ́n. Kò sẹ́ni tó jowú òkú ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, tí mo bá ní ká jọ máa gbé ńkọ́?"

Inú Tísà dùn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tó àwọn ọmọ létí."

Kò tíì rí i sọ tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi yẹ kámẹ́rà náà wò. Àwòrán ọkùnrin kan náà tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì.

"Màmá! Lẹ́ǹsì bàbá wa lẹ fi ń ya ọkùnrin mìíràn?"

Ojú ti Tísà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó tú lẹ́ǹsì náà, ó dá a padà sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ọjọ́rú kan kọjá, òmíràn kọjá, wọ́n di mẹ́wàá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán sí ọkùnrin náà: "Ẹ má bínú. Nítorí àwọn ọmọ ni." Ọkùnrin náà fèsì pé: "Mo gbọ́. Mi ò tilẹ̀kùn."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, arúgbó tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wá kí wọn. Ó rí i pé Tísà ti rù. Nọ́ọ̀sì ro ẹjọ́ fún un, ó rò pé yóò gbè sẹ́yìn òun.

Arúgbó náà ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà wá. Ó wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò mi ló ra lẹ́ǹsì yìí," ó ní. "Mo mọ ohun tó ń fi í yà. Ohun tó bá fẹ́ràn ni. Kí lo wá fẹ́ kí ìyá ẹ máa fi yà? Ògiri?"

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì máa sọ̀rọ̀, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Ó ń ṣe mí bíi pé bàbá mi fẹ́ tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Tísà fà á mọ́ra. "Ọmọ mi, ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́rú ò lè kú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn gan-an ni mo ti ń sọ̀rọ̀ bàbá ẹ."

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, Tísà àti Nọ́ọ̀sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ atúnkámẹ́rà-ṣe nígbà tó rí wọn. Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mi ò lè pè yín ní Bàbá o."

"Kò pọn dandan, ọmọ mi. Ipò bàbá ẹ, tiẹ̀ ni."

Ẹ̀rín yọ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. "Ó dáa. Ẹ káàárọ̀, ọkọ ìyá mi."

Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti di òótọ́. Wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kóòtù, ẹ̀gbọ́n olóògbé ló sì ṣe ẹlẹ́rìí wọn. Ó fi lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹbí àbúrò òun ò fọwọ́ sí i.