Àlàyé Àṣẹ Kárí-Ẹ̀rọ

Ìlú Ìsàlẹ̀-Òṣùpá ń kú lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ, ọkọ̀ òfurufú sì ti dúró lẹ́nu ibodè láti kó gbogbo ará ìlú lọ sí ayé mìíràn. Ẹrù tó nira jù láti kó ni iyè àwọn arúgbó. Láyé ìgbà náà, bí iyè àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra, wọ́n á kó o pa mọ́ sínú àpò-iyè, ẹ̀rọ kékeré tó ń rán an létí ilé rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Adìrù, ètò kan tó ń di ẹrù, ni wọ́n fi ń di iyè náà láti inú àpò àtijọ́ lọ sínú ẹ̀rọ inú ọkọ̀. Adìrù kò ní àwòrán, kò ní ohùn. Àṣẹ lásán lèèyàn ń tẹ̀ fún un. Ìwé ìlò ní àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ kárí-ẹ̀rọ, tó ń mú kí ẹrù ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbíyẹmí, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ìwé náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ló tú àṣírí rẹ̀. Kí ẹrù tó lè bá gbogbo ẹ̀rọ mu, Adìrù á kọ́kọ́ gé ohun tí ẹ̀rọ mìíràn kò mọ̀ dànù. Ẹ̀rọ mìíràn wo ló sì fẹ́ mọ ilé arúgbó àti ọmọ rẹ̀? Ó tún àlàyé náà kọ, ó gbé e tọ àwọn àgbà lọ kí wọ́n fọwọ́ sí i.

“‘Yóò sọnù, kò sì ní padà mọ́,’” Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, olórí ìgbìmọ̀, kà á sókè. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé báyìí la ṣe ń sin arìnrìn-àjò?”

“Ẹ má bínú, Mà. Ìwé ìlò kì í ṣe àdúrà.”

“Gbogbo ohun tó bá ti ẹnu wa jáde lónìí, àdúrà ni! Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Lọ wá ọ̀rọ̀ rere fi sọ ọ́.”

Ìbíyẹmí jà títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé kárí-ẹ̀rọ ń mú ẹrù fúyẹ́. Ó ní òun yóò fi ẹnu sọ òótọ́ rẹ̀ láti ilé dé ilé, àmọ́ àwọn àgbà ní kó ṣáájú wọ ọkọ̀ lọ tún àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ilé kankan, títí kan ilé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti gbéra. Ìbíyẹmí sáré bá Àkàndé, àbúrò rẹ̀.

“Àṣẹ wo lo tẹ̀?”

“Kárí-ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé yín ló ní ó ń mú ẹrù fúyẹ́. Mi ò fẹ́ kí Bàbá jìyà lọ́nà.”

“Àpò àtijọ́ ńkọ́?”

“Mo ti nù ún mọ́ tónítóní. Ṣé a máa ń fi ilé sílẹ̀ láìgbá ni?”

Àṣà wọn ni lóòótọ́. Kò sí ẹni tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nílùú náà, kò sì sí àpò-iyè àtijọ́ kan tí nǹkan kù nínú rẹ̀. Igbe ti ń sọ láti yàrá dé yàrá. Inú bí Ìbíyẹmí sí àwọn àgbà, ó bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbínú náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá lajú. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bàbá wò ó pẹ̀lú àánú, ó na ọwọ́ sí i.

“Ẹ dìde, ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà ń wá àwọn èèyàn yín ni?”