Wọ́n Ti Jáde

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Agbọ́rọ̀ fi ṣọ́ Àká Irúgbìn láìṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá rú yín lójú, ó rú Dókítà Fadérera náà lójú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀gá àwọn tí wọ́n lé.

Nígbà tí à ń sọ yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ iṣu àti àgbàdo tòótọ́ di ọ̀wọ́n gógó, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti gbẹ́ ihò ńlá sínú òkè láti kó irúgbìn pa mọ́. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Òkè-Amúrò ló ń tọ́jú tiwọn. Bí èèyàn bá ti jáde nínú àká náà, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní afàfẹ́fẹ́ á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí kòkòrò kankan má baà rí nǹkan mí síbẹ̀. Agbọ́rọ̀ ló ń darí rẹ̀. Etí ni Agbọ́rọ̀ ní lára ògiri ìta àká; kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ohun tí èèyàn bá fẹnu sọ fún un ló ń ṣe, èdè Yorùbá ló sì ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Agbọ́rọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bọ̀wọ̀ fúnni. Ó ń kí gíwá, ó ń kí agbálẹ̀, "ẹ kú àárọ̀" ni fún gbogbo wọn. Àmọ́ bí ẹlòmíràn bá bọ̀wọ̀, kò mọ̀ ọ́n gbọ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan ni ọ̀kan, "wọ́n" sì ni ọ̀pọ̀. Wọ́n á ní Bàbá ti dé, wọ́n fẹ́ jẹun, Agbọ́rọ̀ á ní kí wọ́n gbé àwo mẹ́ta wá. Nítorí èyí ni Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè ṣe dá Iyàrá Etí sílẹ̀ ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àká. Èèyàn márùn-ún ló ń jókòó níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe Agbọ́rọ̀ ní iyèméjì, aago kékeré kan á dún lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì sọ fún un bóyá ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀, kó tó ṣe ohunkóhun.

Ọdún kẹsàn-án yẹn ni ìjọba dín owó yunifásítì kù sí ìlàjì. Gíwá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣìkù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe Agbọ́rọ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, pe ìpàdé.

"Ẹ wo ìwé yìí, Dókítà," ló wí fún Fadérera. "Ọdún mẹ́sàn-án, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n sọ fún ìjọba pé ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Torí pé a wà níbẹ̀ ni kò ṣe ṣì í, sà."

Bàbá Èjìdé wúkọ́. Òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó jẹ́ olórí Àká Irúgbìn, òun ló sì kọ́ gíwá nígbà tí gíwá ṣì ń wọ ṣòkòtò tó kúrú sí i lẹ́sẹ̀ wá sí kíláàsì.

"Akínṣìkù, láti àárọ̀ lo ti ń pè mí ní 'ẹ̀yin'. Àwa mélòó lo rí lórí àga yìí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, gíwá náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà."

"Ó dáa. Ta ni yóò máa sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ rẹ?"

"Ẹ̀rọ náà ti gbọ́n, Bàbá. Bí aago bá dún tí kò sẹ́ni tó dáhùn, á yan èyí tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Igba èèyàn ni ìjọba ní kí n lé. Bí mi ò bá lé àwọn tó jókòó ti aago, ṣé àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ni kí n lé?"

Ká má purọ́, ìbéèrè gidi ni.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Agbọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ka orúkọ àwọn tí wọ́n lé láti ara ògiri, ó sì ń sọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" kó tó pe orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Fadérera, tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ní yunifásítì náà, inú bí i débi pé ẹ̀rín ló ń rín. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ náà ní "ẹ má bínú". Wọ́n pe ẹni tó ń tún ojú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà àká ṣe, ojú tó ń ka iye ẹni tó wọlé àti iye ẹni tó jáde. Ojú náà ti fọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n pe Bàbá Èjìdé, wọ́n pe Láolú náà.

Láolú ni òṣìṣẹ́ inú àká, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún pàápàá, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó máa kí ìgbálẹ̀ ní "ẹ kú iṣẹ́". Fadérera fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò, torí gbólóhùn Láolú ni aago fi ń dún jù ní Iyàrá Etí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ wọn parí. Bàbá Èjìdé wọ àká lọ dágbére fún irúgbìn tó ti ń kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Láolú bá a wọlé. Fadérera, tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé Bàbá dé ilé, kò mọ̀ pé Láolú wà níbẹ̀. Ó rò pé ó ti lọ láti àárọ̀. Nígbà tí Bàbá jáde, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n rò pé Láolú ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì kọjá lọ sídìí ọkọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Fadérera bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì wọn.

"Ẹ kú ọ̀sán, Dókítà," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Èjìdé ńkọ́?"

"Wọ́n ti jáde."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kí ni ì bá tún sọ? "Ó ti jáde"? Ẹni tó tó bí i lọ́mọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé ni ẹnu rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò tilẹ̀ rò ó.

Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago kékeré dún nínú Iyàrá Etí. Fadérera gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà síbẹ̀ kó tó rántí pé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun láàárọ̀. Inú rẹ̀ korò.

"Máa dún lọ," ló wí lábẹ́lẹ̀. "Kí gíwá wá dá ọ lóhùn."

Aago dún lẹ́ẹ̀meje, ó dákẹ́.

"Ó dára," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Èèyàn méjì ló kí mi wọlé, àwọn méjèèjì ti jáde. Mo ti ń fa afẹ́fẹ́."

"Àwọn méjèèjì wo?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kígbe pé kó dúró, ẹ̀rọ náà sì dúró lójú ẹsẹ̀, kò bá a jiyàn. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń padà wọlé, ilẹ̀kùn náà kì í sì í ṣí àfi tó bá kún. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Fadérera fi ẹ̀ṣẹ́ lu irin náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Láolú wà nílẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó ń kọ orúkọ irúgbìn sára ìgò ni, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Kò kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí kọ ọ́ sínú ìwé pé Agbọ́rọ̀ kò ṣàṣìṣe: wọ́n ní wọ́n ti jáde, ó sì gba ohun tí wọ́n sọ. Gíwá fúnra rẹ̀ ló ka ìwé náà fún Fadérera.

"Ẹ padà wá, Dókítà. Ẹ̀yin márààrùn-ún."

"Ṣé ìjọba ti dá owó padà ni, sà?"

"Rárá. Àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì la máa lé."

Fadérera dìde, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Láolú ń jẹun, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn oníṣègùn ní ibì kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ìyá rẹ̀ ń bó ọsàn fún un nígbà tí Fadérera wọlé.

"Ìwọ, wá jókòó," ni Láolú wí.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bojú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Bó ṣe ń pe èmi náà nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló ti gbàgbé."

Fadérera jókòó. Ọ̀rọ̀ aago tó gbọ́ tó sì jẹ́ kó máa dún ló fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ tó ti mọ Láolú, "ìwọ" ló ń pè é, torí àbúrò ni. Lọ́jọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ẹ má bínú, Láolú," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Láolú wò ó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún bojú wẹ̀yìn, ó ń wá àwọn yòókù.

"Àwa mélòó?" ló béèrè.